Síláàbù Keje ní Gberefu

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì láàárọ̀ kùtù, ẹ ò ní rí Gberefu. Kùrukùru lẹ máa rí lórí ọ̀sà, ó funfun, ó rọ̀, ọlọ́kọ̀ á sì máa wakọ̀ lọ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ òkun kí ẹ tó rí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orí àwọn igi àgbọn á yọ lókè láìní ìdí, wọ́n á kàn dúró síbẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọjá lójú omi yẹn, ó sì tún máa ń ṣe mí bíi pé mo ń lá àlá. Bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ẹni tó ń lá àlá. Sìmẹ́ńtì ni mò ń tà.

Bùsọ́lá lorúkọ mi, Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Iṣẹ́ ọkọ mi ní yunifásítì ló gbé wa wá sí etíkun yìí, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lẹ́yìn ọjà Agbalata. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mi ò bá wọn jiyàn. Obìnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà, tí ẹnu rẹ̀ ò bá mú, wọ́n á gbé ṣọ́ọ̀bù lọ mọ́ ọn lójú. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Sagbo ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Agbalata bó ṣe wù wọ́n, inú sì ń bí mi.

Bíríkìlà ni Bọ̀dá Sagbo, Ègùn pọ́ńbélé, ọmọ Gberefu. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó kúrú, ó ki, Yorùbá rẹ̀ sì ní ohùn Ègùn nínú, tó fi jẹ́ pé bó bá ń kí ẹ, á dà bíi pé orin ló fẹ́ kọ. Kò ju kí ó kí ẹ náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá wá ra ọjà lọ́wọ́ mi, á máa fi ìka tẹ igun àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan, á máa wá ibi tó ti dì. Mo máa ń bi í pé, "Bọ̀dá, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ ni, tí ẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí?" Á rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí a gbọ́ ọ, á sì gbé àpò tó wù ú.

Apẹja ni bàbá rẹ̀, Hùnsù lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1997, nínú oṣù keje tí òkun máa ń bínú, Hùnsù wọ òkun, kò padà wá. Lọ́jọ́ kẹta, omi gbé àwọ̀n rẹ̀ jù sórí yanrìn. Omi ò gbé òun wá. Ẹ̀rù òkun ba Sagbo látìgbà náà, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀ nìkan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló mọ afárá kékeré tí wọ́n ń gbà kọjá lórí ẹ̀ka ọ̀sà tó pín abúlé wọn sí méjì. Síláàbù méje ni afárá náà, kọnkéré pẹlẹbẹ méje, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì láti bèbè dé bèbè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa síláàbù keje, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Láràárọ̀ ni ìyá Sagbo, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Àgbà, máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ wá jókòó sórí rẹ̀, á wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ sókè omi. Á máa sọ̀rọ̀ ní èdè Ègùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ròyìn fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ta ló bímọ, ọkọ̀ ta ló jò, ewúrẹ́ ta ló sọnù. Tó bá parí, á fi ọwọ́ kan síláàbù náà lẹ́ẹ̀mejì, á dìde. Èmi rò pé ogbó ló ń dà á láàmú. Mo tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi nígbà kan. Ojú ń tì mí báyìí.

Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ni ti Gberefu, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Irin kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ogún ọdún, irin inú síláàbù mẹ́fà ti dípẹtà, ó wú, ó sì fa kọnkéré ya. Keje nìkan ni kò ya. Kò tilẹ̀ sán. Nígbà tí Bọ̀dá Sagbo tún mẹ́fà yẹn mọ lọ́dún 2018, kò fi irin sí i mọ́. Ó lọ tọrọ àwọ̀n tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó tẹ́ wọn sínú òjò fún oṣù kan gbáko kí iyọ̀ lè kúrò lára wọn, ó wá fi ìṣó nà wọ́n sínú pákó, ó fà wọ́n le, ó sì da kọnkéré lé wọn lórí. Ó fi imọ̀ àgbọn tútù bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí oòrùn má baà mú wọn gbẹ kíákíá. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló kọ́ ọ. Ó wo omi títí, ó ní, "Mo kàn rí i ni."

Ìgbà náà gan-an ni Olúkáyọ̀dé dé. Ẹnjiníà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló rán an wá wo bí omi ṣe ń jẹ etíkun. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọmọ gidi ni. Ó bá wọn ru kọnkéré, ó bá wọn jẹun, ó sun orí ẹní. Ó rí iṣẹ́ àwọ̀n yìí, ojú rẹ̀ tàn, ó sì ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú akoto iṣẹ́ lórí gbogbo síláàbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó wá dé orí keje. Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà bèèrè pé, "Bàbá, kí ló wà nínú èyí tí kò fi ya?" Bọ̀dá Sagbo wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọmọkùnrin yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á fún un, ó ní kó fọwọ́ sí i. Sagbo fọwọ́ sí i.

Ọdún márùn-ún kọjá. Ẹ̀ka ọ̀sà mìíràn wà lápá ìwọ̀ oòrùn abúlé, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nǹkan bí ogójì ilé sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀, wọ́n ti di ará erékùṣù nìyẹn. Lọ́dún 2023, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bísí rọbí lọ́hùn-ún nígbà tí omi kún. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì dojú dé lójú omi. Wọ́n yọ Bísí. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè. Lẹ́yìn ìyẹn, abúlé ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á mọ afárá ogún síláàbù síbẹ̀, Bọ̀dá Sagbo ló sì máa mọ ọ́ bó ṣe mọ ti àkọ́kọ́. Ó ti mọ mẹ́rin nígbà tí lẹ́tà lọ́yà dé.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n gbé lẹ́tà náà wá, torí èmi ni mo lè kà á fún wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó sọ ni pé ilé-iṣẹ́ Olúkáyọ̀dé ti gba pátẹ́ńtì lọ́dún 2020, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ hùmọ̀ nǹkan, kí ẹlòmíràn má ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ìwé náà ní kọnkéré tí a fún lágbára, tí wọ́n bá fi mọ orí afárá, kì í ṣe ti onírin nìkan mọ́. Ó ní okùn tàbí àwọ̀n èyíkéyìí tí a nà sínú kọnkéré tí kò jẹ́ kó pín sí méjì, ó ti wọ inú ìtumọ̀ yẹn, tàwọn sì ni. Nítorí náà, kí Sagbo ará Gberefu sọ ṣíbí bíríkìlà rẹ̀ kalẹ̀.

Mo wo ọkùnrin yẹn lójú. Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń fi ìka tẹ igun rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé mo jalè ni, Bùsọ́lá?" Mo ní, "Ẹ ò jalè. Àwọn ló jalè." Ó mi orí. Kò jọ pé ó gbà mí gbọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ọmọ mi obìnrin, Moyọ̀sọ́lá, lọ́yà ni ní Èkó. Ó gba ẹjọ́ náà. Ó jókòó ti Bọ̀dá Sagbo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣàlàyé fún un pé, "Bàbá, ènìyàn ò lè gba pátẹ́ńtì lórí nǹkan tó ti wà nílẹ̀. Tí a bá fi hàn pé ẹ ti mọ irú rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ nípa rẹ̀ rárá, ìwé wọn á dòfo. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ síláàbù tí kò ní irin nínú?" Ó ní, "1998." Ọmọ mi ní, "Èwo nínú wọn?" Ó ní, "Keje." Ọmọ mi ní, "Kí lẹ fi sí i?" Ó ń fi ìka tẹ igun àpò sìmẹ́ńtì. Moyọ̀sọ́lá rò pé àgbàlagbà ń ronú ni, ó yí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Àṣìṣe tiwa nìyẹn.

Ilé ẹjọ́ ní Èkó tutù, ó sì mọ́ jù. Bọ̀dá Sagbo wọ agbádá tí ó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó dì mọ́ fìlà rẹ̀. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yẹn dìde. Ó ní síláàbù mẹ́fà tí wọ́n mọ lọ́dún 2018, ìdánwò tàwọn ni, ẹ wo fọ́tò ẹnjiníà àwọn lórí wọn. Ó ní ti keje, kọnkéré lásán ni, kọnkéré lásán ò sì lè jẹ́ kọnkéré tí a fún lágbára, ẹ wo ọwọ́ tí Bàbá fúnra wọn fi sí i. Tí Sagbo bá na àwọ̀n sí i lónìí, ó ti di tiwọn. Tí ó bá jẹ́ pé ó nà á sí i kí wọ́n tó mọ ọ̀nà Gberefu, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Irú ẹnu wo nìyẹn.

Adájọ́, obìnrin kan tó ní ohùn pẹ̀lẹ́, ní kí wọ́n mú Bàbá wá síwájú. Ó búra. Adájọ́ bi í pé, "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù. Kí ló wà nínú síláàbù keje?"

Bọ̀dá Sagbo wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo wo ọmọ mi. Ẹjọ́ ti bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́n, ó dìde, ó bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n má gba ti ẹnu, kí wọ́n ṣí síláàbù náà wò lójú gbogbo wa. Adájọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a kò bá ṣí i láàárín ìgbà náà, ẹjọ́ ti parí, ilé-iṣẹ́ yẹn ló jàre, afárá Gberefu á sì dúró lórí síláàbù mẹ́rin rẹ̀ sí àárín omi.

Mi ò bá Bọ̀dá Sagbo sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Morogbo lójú ọ̀nà ilé. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi ọkọ̀. Ìgbà tí a dé àárín ọ̀sà, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tẹ́ sórí omi, tí ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ láti tú koríko tó wé mọ́ ọn, ni mo bá bú jáde. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ti dójú ti ọmọ mi. Ẹ parọ́ lórí ìbúra. Bísí ń wo yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò lè la ẹnu yín sọ pé àwọ̀n ló wà níbẹ̀?"

Ọkọ̀ ń fì wá díẹ̀díẹ̀.

"Àwọ̀n bàbá mi ni," ó ní. "Nínú ilé wa, àwọ̀n apẹja tó kú kì í wọ omi mọ́. A kì í tà á, a kì í sun ún, oòrùn ò sì gbọ́dọ̀ rí i mọ́. Inú sàréè olówó rẹ̀ la máa ń gbé e sí. Bàbá mi ò ní sàréè. Mo ní ó dáa, màá fi ṣe ojú ọ̀nà, kí àwọn ènìyàn máa gba orí rẹ̀ kọjá, kó máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ibi tí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá sì wà, tí àlejò bá bèèrè, ìdáhùn kan ló wà, òun náà ni bàbá mi kọ́ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo wá rí Ìyá Àgbà lójú inú mi, bó ṣe ń ròyìn ewúrẹ́ tó sọnù fún ọkọ rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo bi í pé, "Èé ṣe tí ẹ fi wá sọ fún mi?"

Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe àlejò mọ́." Ó sì yí ojú sí omi. Ó ní òun ò ní ṣí i. Ó ní òun mọ̀ pé Bísí ń wo òun, òun kì í fẹ́ kọjá níwájú ilé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè gbé hámà sí bàbá òun.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà fúnra mi lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ pè mí ní alátojúbọ̀, ó yẹ mí. Kùrukùru pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mo fi ọwọ́ wá ọ̀nà dórí afárá. Mo bá a lórí síláàbù keje, mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í. Omi ò ṣeé rí lábẹ́ wa. A dà bí ẹni tó jókòó sínú òfuurufú, àwa méjì, kò sí abúlé, kò sí Àgbádárìgì, ìró òkun nìkan. Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó tí a jókòó bẹ́ẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kò tó nǹkan. "Wọ́n ní kí wọ́n ṣí i."

Mo ní, "Ṣé Bọ̀dá Sagbo ló sọ fún yín, mà?"

"Sagbo ò sọ nǹkan kan. Sagbo ò jẹun." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ra síláàbù náà. "Òun náà ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e síbí, kò dá mi lóhùn rí. Èmi nìkan ni mò ń sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo fẹ́ rí i, ìyá Moyọ̀. Mo ti darúgbó. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ."

Mo ní, "Oòrùn ńkọ́, mà? Bọ̀dá ní oòrùn ò gbọ́dọ̀ rí i."

Ó gbé ọwọ́ sókè sínú funfun tó yí wa ká. "Oòrùn dà?" ó ní.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bá Sagbo sọ ọ́, ó sì gbà. Moyọ̀sọ́lá kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé ojúmọ́ ọjọ́ tí kùrukùru bá pọ̀ ni ẹbí fẹ́, kí àwọn ènìyàn ẹjọ́ sùn sí Àgbádárìgì kí wọ́n máa retí. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yẹn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kùrukùru bo ọ̀sà pátápátá, a sì gbé wọn kọjá. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ wá, Olúkáyọ̀dé náà wá, ó ti sanra díẹ̀, kò sì lè wo ojú Bọ̀dá Sagbo. Lọ́yà ń ya fọ́tò, gbogbo fọ́tò rẹ̀ ń jáde funfun.

Bọ̀dá Sagbo ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé hámà. Ó ti po yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì mi sílẹ̀ ní gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, kí ó lè bo bàbá rẹ̀ padà kíákíá. Ó sọ nǹkan kan ní Ègùn tí mi ò gbọ́. Ó gbá síláàbù náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sán. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣẹ́ ní àárín gbùngbùn, mo sì di ojú mi, mo ń retí kí ó já sómi.

Kò já. Mo la ojú. Síláàbù ti ṣẹ́ sí méjì, ó tẹ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n apá méjèèjì di ara wọn mú síbẹ̀, wọ́n so rọ̀ lókè omi. Sagbo tún gbá a. Òkúta já bọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ apá kan ò fi apá kejì sílẹ̀. Láàárín ibi tó ṣẹ́ ni a ti rí i, àwọ̀n aláwọ̀ ewé, ó nà tán-án-tán, àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù bíi pé àná ni wọ́n rà á.

Olúkáyọ̀dé kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fà á, kò mì. Ó ní, "Bàbá. Ẹ sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Bọ̀dá Sagbo dá a lóhùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bàbá mi ni."

Ìyá Àgbà rá kòrò kọjá láàárín wọn. Ó fi ìka wá a, ojú sí ojú àwọ̀n, títí tó fi dé ibi tí òwú pupa kan ti dí ihò. Ó wò ó. Ó ní, ní Yorùbá, kí gbogbo wa lè gbọ́, "Etí ìró mi ni mo ti fa òwú yìí yọ. Èmi ni mo dí i. Alẹ́ ọjọ́ tí ó lọ." Ó fi ẹnu kàn án. Ó wá wo èmi, ojú rẹ̀ mọ́ bí ti ọmọdé. "Ó ṣì ń di nǹkan mú," ó ní.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Olúkáyọ̀dé gbé ọwọ́ dá a dúró. Ó yíjú sí akọ̀wé ilé ẹjọ́, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹ́, kò pín. Ẹ kọ ọ́ pé kọnkéré tí a fún lágbára ni, ó sì ti wà níbí ogún ọdún ṣáájú mi." Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Inú ti ń bí mi sí ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn, mo sì ṣì ń gbà á.

Ọ̀run ti ń pọ́n lápá ìlà oòrùn. Ìyá Àgbà tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo ojú ibi tó ṣẹ́, Bọ̀dá Sagbo sì da omi sí kọnkéré rẹ̀. Olúkáyọ̀dé pò ó, èmi náà pò ó, pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀. Oòrùn yọ nígbà tí a ti fi imọ̀ àgbọn bò ó tán.

Ilé ẹjọ́ fagi lé pátẹ́ńtì náà lóṣù kejì sí i. Bọ̀dá Sagbo padà sórí afárá ńlá, ó ń mọ síláàbù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bísí sì ń bá wọn gbé omi láàárọ̀ kó tó lọ sí oko àgbọn. Wọ́n ti mọ mọ́kàndínlógún nígbà tí Ìyá Àgbà kú. Oorun ọ̀sán ló gbé e lọ. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, ní ọ̀nà tó kọjú sí òkun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ èyí tó pé ogún, Bọ̀dá Sagbo mú nǹkan kékeré kan wá, ó dì í sínú ìró tí Ìyá Àgbà fi bo àwọ̀n ọjọ́sí. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo wa la mọ abẹ́rẹ́ igi tí arúgbó yẹn fi ń dí àwọ̀n ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí a kọjú sí òkun. A kọjú sí òkun. Mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì lẹ́yìn mi, mo gbọ́ bí kọnkéré ṣe ń bọ́ sínú pákó, mi ò wẹ̀yìn.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé sìmẹ́ńtì lọ fún wọn, mo sì bá ọ̀gbẹ́ni kan lórí afárá tuntun náà, ẹnjiníà láti ọ́fíìsì kan ní Èkó, ó mú fọ́ọ̀mù dání. Bọ̀dá Sagbo wà ní òdìkejì. Ọ̀gbẹ́ni náà kí mi dáadáa, ó ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú síláàbù kọ̀ọ̀kan. Mo ní àwọ̀n ni, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sínú òjò, bí wọ́n ṣe ń nà án, ẹnu mi sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń kọ ọ́. A rìn dé orí èyí tó gbẹ̀yìn. Kùrukùru ṣì wà lórí omi, kò tíì ká tán.

Ó bi mí pé, "Èyí ńkọ́, mà? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo wo omi.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni mo sọ.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ti lọ, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ wọ ọkọ̀ mi.